Ẹni Tó Di Ìlànà Mú Tàbí Ẹni Tó Lè Wọlé?
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbò)

  

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ká sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ẹ má fajú ro o. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọ pàátì kankan. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ẹlòmíràn ń ṣe APC, ẹlòmíràn ń ṣe PDP, ẹlòmíràn ń ṣe Labour, ẹlòmíràn ò sí níbì kankan, ọjà rẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá ti ń bọ̀, àwọn pàátì á wá bá wa pé ta ni kí àwọn fà kalẹ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní, "Ẹni tó di ìlànà mú, tí kò yí padà rí, òun ni kí wọ́n mú." Àwọn kan á ní, "Ìlànà kọ́ là ń sè jẹ, ẹni tó lè wọlé ni kí wọ́n mú." Ọ̀rọ̀ yìí ti mú kí àwọn tí ìsọ̀ wọn kọjú síra má kí ara wọn mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń ta gàrí lè sọ pé gàrí Ìjẹ̀bú nìkan lòun á tà, torí òun ni gàrí gidi lójú òun. Bí àwọn tó yí i ká bá ń wá gàrí pupa, gàrí rẹ̀ á pẹ́ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní ohunkóhun tó bá ṣáà ti ń tà lòun á máa kó, tó wá kó gàrí oníyanrìn wálé, wọ́n á rà á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní padà wá. Bí òṣèlú náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lójú wa.

Ẹ̀yin àgbà rántí ọdún 1991. Ìjọba Bàbáńgídá ló ti dá pàátì méjì sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà: SDP ẹlẹ́ṣin, àti NRC onídì. Wọ́n ní ẹlẹ́ṣin ló sún mọ́ mẹ̀kúnnù, onídì sì ni ti àwọn tó fẹ́ kí nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ látijọ́. Èkó yìí, láti ayé UPN tí Alhaji Lateef Jákàńdè fi ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ilé àwọn ọmọ Awólọ́wọ̀ ni. Gbogbo èèyàn rò pé ẹnikẹ́ni tí ẹlẹ́ṣin bá fà kalẹ̀ ló máa di gómìnà. Àwọn méjì ló wá ń dù ú: Fẹ́mi Agbálàjọbí àti Dàpọ̀ Sárùmí. Ìhà kìíní ò gbà, ìhà kejì ò gbà. Oníkálukú ń sọ pé tòun ni ọmọ ilé gidi. Wọ́n fà á títí ìjọba ológun fi ní kí àwọn méjèèjì jókòó sílé. Yọ̀mí Ẹdú ni pàátì wá gbé jáde, ṣùgbọ́n ìbínú ti wà nínú ilé. Sir Michael Ọ̀tẹ́dọlá ti onídì ló wọlé, tó sì di gómìnà ní oṣù kìíní ọdún 1992.

Ṣé Èkó ti di ti onídì ni? Rárá o. Ní June 12, 1993, Abíọ́lá tó gun ẹṣin gba ìbò 883,965 ní Èkó, Tofa onídì gba 149,432. Ẹṣin ṣì ni ará Èkó ń fẹ́. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ló lanu ní 1991.

Ẹ wo èkejì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 1999, AD gba gómìnà ní ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Ó wá ku ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ fún ààrẹ. Bọ́lá Ìgè wà níbẹ̀, igbákejì olórí Afẹ́nifẹ́re, ọmọ Awólọ́wọ̀ tinútẹ̀yìn, tó pe pàátì márùn-ún ayé Abacha ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, kì í fọ̀rọ̀ bo abẹ́ ahọ́n. Olóyè Olú Fálaè náà wà níbẹ̀. Òun náà jìyà lẹ́wọ̀n Abacha, ṣùgbọ́n ó ti ṣe akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ àti mínísítà ìnáwó lábẹ́ Bàbáńgídá. Wọ́n ní àwọn ará òkè Ọya á lè bá a jókòó.

Níparí oṣù yẹn, àwọn àgbààgbà mẹ́tàlélógún jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ìbàdàn. Mẹ́rìnlá mú Fálaè, mẹ́sàn-án mú Ìgè. Èèyàn mẹ́tàlélógún o! Àwọn tó ń ta ata ní ìlà kan péré nínú ọjà wa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

AD bá APP ṣe àdéhùn, wọ́n fi Umaru Shinkafi ṣe igbákejì Fálaè. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Ọbásanjọ́ ti PDP ní 18,738,154, Fálaè ní 11,110,287. Ilẹ̀ Yorùbá dìbò fún Fálaè, àmọ́ ibi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un, ibẹ̀ ló ti fìdí rẹmi. Ìgè, tí ọ̀rọ̀ D'Rovans dùn wọra, lọ bá Ọbásanjọ́ ṣe mínísítà. Wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà ní December 23, 2001. Afẹ́nifẹ́re ò lè sọ̀rọ̀ ní ohùn kan mọ́. Nígbà tí ìdìbò 2003 fi máa dé, PDP gba ìpínlẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà náà, Èkó nìkan ló kù sọ́wọ́ AD. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyà tí ìjà abẹ́lé fi jẹ pàátì yẹn ju ìyà tí ìdìbò ààrẹ fi jẹ ẹ́ lọ.

A kò sọ pé bí wọ́n bá mú Ìgè ni, ì bá wọlé. Kò sẹ́ni tó mọ̀yẹn. Ohun tí à ń sọ ni pé, àwọn tó mú Fálaè rò pé ẹni tó lè wọlé ni ẹni tí àwọn ará ìta bá fẹ́ràn. Wọ́n gbàgbé pé ẹni tí àwọn ará ilé bá jọ yàn, tí ẹni tó pàdánù sì gbà láti ti lẹ́yìn, òun gan-an lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dúró.

Ẹ̀kẹta wá rèé. Ní December 2014, APC dìbò abẹ́lé ní Èkó níbí, ní pápá Teslim Balógun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn aṣojú ló dìbò, lójú gbangba. Bùhárí gba 3,430, Kwankwaso 974, Atiku 954. Àwọn tó pàdánù dúró sínú pàátì, wọ́n sì bá a polongo. Lẹ́yìn tó ti pàdánù ní 2003, 2007 àti 2011, Bùhárí wọlé ní 2015 pẹ̀lú ìbò 15,424,921, Jonathan sì ní 12,853,162.

Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé ọmọ Awólọ́wọ̀ ni Bùhárí? Ìjọba ológun tirẹ̀ ló ti Àjàsin, Ọnàbánjọ àti Bọ́lá Ìgè mọ́lé ní 1984! Àwọn ọmọ ilé wọn ló tún polongo fún un. Wọ́n gbé ìlànà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n mú ẹni tó lè wọlé, ó sì wọlé. Lójú àwọn kan, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba ti ẹnubodè orí ilẹ̀, tó fi mọ́ Ṣèmè. December 2020 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ojú títì Badagry ni ọjà wa wà. Ẹ̀yin tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀yin alásọ, ẹ̀yin tó ń ná ọjà Kútọnu, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Àwọn kan ní àgbẹ̀ wa ló jèrè rẹ̀, ìyẹn náà lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kò fi í pa mọ́. Ọkùnrin yìí náà ló ti ẹnubodè ní 1984 nígbà tó ń pààrọ̀ owó. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà lójú táyé ká. Nígbà tí wọ́n wá gba ìbò ní ọjà, ta ló bi í léèrè pé, "Ṣèmè ńkọ́?" Gbogbo wa ń bèèrè bóyá ó máa wọlé. A kò béèrè ohun tó máa ṣe tó bá wọlé tán.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Látìgbà FESTAC 77 tí wọ́n ti kọ́ ìlú yìí ni onírúurú èèyàn ti ń gbé ibí. Àwórì ló nilẹ̀, Ẹ̀gùn, Ìlàjẹ, Ìgbò, Ìjọ, Haúsá, gbogbo wa la jọ ń ná ọjà kan náà. Ní 2015 àti 2019, Oghene Egoh ti PDP ni àdúgbò yìí rán lọ sí ilé aṣojúṣòfin l'Ábújá, nígbà tí APC ń ṣe gómìnà Èkó. Ní 2023, Labour ló gbà á. Lọ́dún yẹn kan náà, fún ti ààrẹ, Labour ní 582,454 ní gbogbo Èkó, APC ní 572,606. Kò sí pàátì tó lè sọ níbí pé ẹnikẹ́ni tóun bá ṣáà ti gbé kalẹ̀ á wọlé. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàn, a máa mọ̀ ọ́n, a ò sì ní jáde fún un.

Nítorí náà, bí pàátì yòówù bá wá bá wa, kí a tó pariwo orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká bèèrè nǹkan mẹ́ta.

Ìkínní, èèyàn mélòó ló máa yàn án? Ṣé gbogbo ọmọ pàátì ní wọ́ọ̀dù ni, àbí èèyàn mẹ́tàlélógún nínú òtẹ́ẹ̀lì? Bí wọ́n bá ní ìfẹnukò ni, òfin ìdìbò ti sọ ọ́ pé gbogbo àwọn tó ń dù ú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé hàn yín.

Ìkejì, àwọn tó pàdánù ńkọ́? Bí wọn ò bá tíì yanjú tiwọn, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ nílé kí wọ́n tó wá sọ́jà.

Ìkẹta, kí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí òwò wa? Lórí ẹnubodè, lórí ojú títì Badagry, lórí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, lórí ìsọ̀ wíwó. Kó dáhùn níwájú wa, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kí a kà á fún ìpàdé. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ta ko òwò wa, à báà sọ pé òun ló máa wọlé, kí ló kàn wá? Iná tó máa jó ilé ẹni, a kì í fẹ́ ẹ.

Ẹni tó dìlànà mú tí kò lè wọlé, ìwàásù ló máa ṣe fún wa. Ẹni tó wọlé láìní ìlànà tí a mọ̀, ohun tó bá wù ú ló máa ṣe. Àwa fẹ́ ẹni tí ọ̀pọ̀ yàn, tí a sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó dé orí àga.

Kí ìsọ̀ méjì tó kọjú síra sì padà máa kí ara wọn o. Ìdìbò á dé, á lọ, àwa la máa jọ ná ọjà lọ́jọ́ kejì.