Ọkọ̀ Tí A Jí àti Ẹ̀rọ Tí Ń Tọpasẹ̀ Rẹ̀



Ọ̀ràn olè ọkọ̀ ni a ní kí n sọ níhìn-ín ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ẹ mọ̀ pé nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, 1977, ni ìjọba ṣe kọ́ Festac Town, kí àwọn àlejò lè rí ilé wọ̀. Lónìí ó ti di ìlú onílé àti ayálégbé, ọkọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa sùn sí ìta gbangba níwájú ilé alájà. Ọ̀nà tí ó ti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì kò jìnnà sí wa, òun náà ni a sì ń gbà dé Sẹmẹ, ẹnubodè ilẹ̀ Benin. Ẹni tí ó bá jí ọkọ̀ ní òru lè ti dé ibẹ̀ kí ọlọ́kọ̀ tó jí fún àdúrà òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọdún 2003. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti ẹnubodè wa pẹ̀lú Benin pa, nítorí àwọn adigunjalè tí ń gba ọkọ̀ ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń kó wọn sọdá. Hamani Tidjani, ẹni tí ó fi Kútọnu ṣe ibùjókòó, ni a fi ẹ̀sùn kàn pé ó jẹ́ olórí wọn. A sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ọdún náà. Ọ̀ràn ọkọ̀ jíjí tó ohun tí a fi ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò, tí oníṣòwò aláìmọwọ́mẹsẹ̀ fi jìyà!

Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀lé ẹ̀rọ kékeré tí a ń pè ní tírákà. Wọ́n rò pé sátẹ́láìtì ni ó ń ṣọ́ ọkọ̀ wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sátẹ́láìtì kò mọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí òkè, ó ń ké bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ ẹni tí ń gbọ́. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni ó ń tẹ́tí sí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn, tí ó ń ṣírò ibi tí òun wà, tí yóò sì gba síìmù inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọlọ́kọ̀. Nítorí náà, bí olè bá já wáyà bátìrì, tí ẹ̀rọ kò sì ní bátìrì tirẹ̀, ó di odi. Bí ó bá sọdá Sẹmẹ, tí síìmù náà kò lè ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ó di odi pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sán kí ó tó pe ọlọ́pàá ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, bí fóònù bá fi ọkọ̀ yín hàn ní àgbàlá kan, ẹ má ṣe dá lọ bá olè níbẹ̀. Ẹ̀rọ mọ ilé. Kò mọ ìbọn tí ó wà nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ta ni ń ra ọkọ̀ wọ̀nyí? Èyí ni ó ká mi lára jù. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. A ti rí ẹni iyì, àní onígbàgbọ́ tí ń jókòó níwájú nínú ìjọ, tí ó ra ọkọ̀ ní ìdajì iye rẹ̀ láìbéèrè ìwé. Nọ́ńbà ṣáṣì wà lára ọkọ̀. Àmì 17 ni ní ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe lẹ́yìn 1981. Bí a bá ti há a, tàbí tí kò bá ìwé mu, ẹ̀rí wo ni a tún ń wá? Kí olùrà mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tí ń bójú tó ìwé ọkọ̀ kí owó tó jáde lápò rẹ̀.

Ẹnìkan bi mí bóyá ó yẹ kí awakọ̀ mọ ibi tí a fi ẹ̀rọ náà pamọ́ sí. Èmi ní rárá. Kí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ dúró ti ẹni tí ń fi í sí i. Kí ó sì máa yẹ owó síìmù rẹ̀ wò lóṣooṣù, nítorí ọ̀pọ̀ tírákà ni ó ti kú tipẹ́, tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ sì ń sùn, tí ó ń han-an-run.