Ìwà Ọmọ ní Ẹnu Ọ̀nà Onílé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn, nítorí ó jẹ mọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ń gbé àpò kiri àdúgbò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti gba àdídùn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹnìkan nínú wa tí kò ní ọmọ, tàbí ọmọ-ọmọ, tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun. Àwọn ọmọ wa wọ̀nyí pẹ̀lú sì wà nínú àwọn tí ń gbé àpò náà. Bí wọ́n bá ti kọ́ láti dúró lẹ́nu ọ̀nà àjèjì lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa nígbà tí wọ́n bá wálé. Nítorí náà ọ̀rọ̀ wa ni.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù October ni ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Hálówíìn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn ọmọ a wọ aṣọ ìparadà; ọ̀kan a múra bí ọba, òmíràn bí kìnnìún, òmíràn bí òkú tí ó jí. Onílé a ti há inú elégédé jáde, a dá ojú àti ẹnu sí i lára, a tan iná sínú rẹ̀, a sì gbé e síwájú ilé. Àwọn ọmọ a tẹ agogo ẹnu ọ̀nà, wọn a sì ké gbólóhùn kúkúrú kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé: Ẹ ta wá lọ́rẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó fi yín ṣe ẹ̀fẹ̀. Onílé a rẹ́rìn-ín, a fi àdídùn sínú àpò olúkúlùkù, wọn a sì kọjá sí ilé kejì.

Ó yẹ kí a mọ orísun àṣà kí a tó dá a lẹ́jọ́. Hálówíìn ni ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Ènìyàn Mímọ́, èyí tí Ìjọ ń ṣe ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù November; ọjọ́ kejì oṣù náà ni a sì yà sọ́tọ̀ fún ìrántí àwọn olóògbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, àwọn tálákà àti àwọn ọmọdé a máa lọ láti ilé dé ilé ní àkókò náà; onílé a fún wọn ní àkàrà òyìnbó kékeré, àwọn náà a sì gbàdúrà fún àwọn òkú ilé rẹ̀. Ní Írẹ́lándì àti ní Skọ́tlándì, ọmọ tí ó para dà ní láti kọrin, tàbí kí ó ké ewì, tàbí kí ó pa onílé lẹ́rìn-ín, kí a tó fún un ní ohunkóhun. Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ará: nínú àwọn ọmọ ayé àtijọ́ wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó wá lọ́wọ́ òfo. Ọ̀kan mú àdúrà wá, èkejì mú orin wá.

Àwọn tí wọ́n ṣí kúrò ní Írẹ́lándì àti Skọ́tlándì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó àṣà yìí dání. Lọ́hùn-ún ni ìwà ìpáǹle àwọn ọ̀dọ́ ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Wọn a yọ ilẹ̀kùn ọgbà onílé, wọn a fọ́ fèrèsé. Nígbà tí ó sì di ọdún 1930 sí i, ó ti sú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú. Àwọn àgbà wá rí i pé ó sàn kí a fi àdídùn tu àwọn ọmọ lójú ju kí a máa tún fèrèsé ṣe lọ. Ní ọdún 1927, gbólóhùn ìhalẹ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti hàn nínú ìwé ìròyìn ní Alberta ní ilẹ̀ Kánádà. Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ìjọba Amẹ́ríkà máa wọn ṣúgà fún àwọn ará ìlú títí di ọdún 1947. Lẹ́yìn èyí ni àṣà náà gba gbogbo ilẹ̀ wọn kan. Bí a bá wò ó dáradára, ohun tí ó jẹ́ èrè orin ní ilé bàbá wọn ti di owó ìpẹ̀tù ní ilé ọmọ.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọn kò ní ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1950, ní ìlú Philadelphia, àlùfáà kan, Clyde Allison, àti ìyàwó rẹ̀ Mary Emma, rán àwọn ọmọ jáde ní ọjọ́ náà láti gba owó fún àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ ní ilẹ̀ mìíràn. Dọ́là 17 ni wọ́n rí, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí UNICEF. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ sì ti tọ ipa ọ̀nà náà láti ìgbà yẹn wá. Bákan náà, òfin ìwà wà tí àwọn òbí rere ń kọ́ ọmọ wọn níbẹ̀. Bí iná iwájú ilé bá kú, ọmọ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn náà. Ẹyọ kan ni kí ó mú. Kí ó má ṣe tẹ òdòdó onílé mọ́lẹ̀. Kí àwọn ńlá fi ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn kékeré. Kí ó dúpẹ́ kí ó tó yípadà. Láti ọdún 2014 pàápàá, elégédé tí a kùn ní àwọ̀ tí ó wà láàrin aró àti ewé ti di àmì káàkiri ilẹ̀ náà pé onílé ní ohun ìṣeré láti fún ọmọ tí ẹ̀pà tàbí wàrà jẹ́ èèwọ̀ fún ara rẹ̀. Ìfòyebánilò ni èyí, a sì gbọdọ̀ yìn ín.

Ìdánwò kan wà níbẹ̀ tí ó wù wá púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Onílé tí kò ní ráyè a gbé abọ́ àdídùn síwájú ilé, a kọ ọ́ sí i lára pé kí olúkúlùkù mú ẹyọ kan, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ti ṣú, ìbojú wà lójú ọmọ, kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ọmọ tí ó bá mú ẹyọ kan níbẹ̀, tí ó sì rántí pé àwọn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, òun ni a ti kọ́. Èyí tí ó bá da gbogbo abọ́ sínú àpò rẹ̀, a kò tíì kọ́ ọ, bí ó tilẹ̀ ń gba ipò kìn-ín-ní nínú ìwé kíkà.

Nísisìyí, kí ni ó kan ilẹ̀ Yorùbá níbẹ̀? Àwa náà ní àwọn tí ń lọ láti ilé dé ilé. Àwa Onígbàgbọ́ kì í bọ egúngún, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé bí a bá ta egúngún lọ́rẹ, a súre fún ni. Ìyá ìbejì a jó, a kọrin, a sì wúre fún ẹni tí ó fún un ní nǹkan. Nínú oṣù Ààwẹ̀, àwọn ọmọkùnrin oníwéré a máa kọrin kiri àdúgbò láti jí àwọn Mùsùlùmí dìde fún sààrì. Ní ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ Iléyá, ọmọ tí ó wọ aṣọ tuntun a lọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà àdúgbò, a kí wọn kú ọdún, a gba àdúrà wọn, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àgbà yóò tó wọ àpò. Ìkíni ni ẹrù tí ọmọ Yorùbá ń gbé lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà yìí kò jìnnà sí ti ọmọ Írẹ́lándì tí ó kọrin kí ó tó gba ẹ̀bùn.

Ẹrù yìí ni ó ń bọ́ lórí àwọn ọmọ wa. Àwọn òbí wọn ní òkè òkun ti pín sí méjì. Àwọn kan ń wí pé ọdún òkùnkùn ni Hálówíìn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Ìjọ mìíràn a kó àwọn ọmọ jọ sí ọgbà ilé ìsìn ní alẹ́ náà. Àwọn kejì ń wí pé eré lásán ni, kí ọmọ má baà dá yàtọ̀ láàrin ẹgbẹ́. Olúkúlùkù ni yóò dáhùn fún ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí àbùkù kan náà lápá méjèèjì. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn rò pé òun ti kọ́ ọmọ. Ẹni tí ó ṣí i rò pé aládùúgbò yóò bá òun kọ́ ọ. Ilé ni a sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin ìjòyè rí èso rẹ̀ ní oṣù December. Ọmọ-ọmọ a ti òkè òkun dé, a dúró gangan níwájú bàbá ńlá rẹ̀, a na ọwọ́. Kí a má ṣe dá a lẹ́bi nìkan, nítorí àwọn tí a tọ́ sílé náà ti ń bá a dọ́gba. Ẹ ti rí ọmọ tí kì í kí ni, tí ó kàn ń béèrè pé owó ọdún òun dà; tí ó wo náírà tí a fún un, tí ó sì yínmú. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nínú adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Olúwa wa mú lára dá, ẹnìkan ṣoṣo ni ó padà wá dúpẹ́. Kò sì yẹ kí ìṣirò náà jẹ́ ti àwọn ọmọ wa.

Nítorí náà a dá ìmọ̀ràn mẹ́rin. Èkínní, kí àwọn òbí ní òkè òkun kọ́ ọmọ pé ìkíni ni í ṣáájú ìbéèrè. Bí ó bá fẹ́ ké gbólóhùn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wí pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ní èdè tí onílé gbọ́, kí ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ hàn bí a bá béèrè. Èkejì, kí ó gba ohun tí a fún un láìyàn, kí ó sì dúpẹ́. Ẹ̀kẹta, bí ó bá dé ilé, kí ó tú àpò rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, kí ó fún àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ kí òun tó jẹ. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ẹ̀kẹrin, ó kan àwa àgbà. Kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn ọgbà mọ́ ọmọ aládùúgbò lọ́jọ́ ọdún, kí a má sì ju owó sí i bí ẹni ń lé ajá. Ẹni tí kò ní owó, kí ó fi àdúrà ta ọmọ lọ́rẹ.

Ohun tí a ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí fún kò wọ́n. Ní oṣù December tí ń bọ̀, bí ọmọ kan láti òkè òkun bá na ọwọ́ sí yín láìkí yín, ẹ má ṣe yan ìyá rẹ̀ lódì, ẹ má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ fi bí a ti ń kí ni hàn án, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é, kí ẹ sì gbé ẹ̀bùn fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ tí a bá kọ́ báyìí kì yóò gbàgbé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ gbogbo wọn.