Ìdá 40 àbí Ìdá 5? Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Ìdọ̀tí Aṣọ ní Kantamanto

Ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ yìí kò jìnnà sílé fún ẹ̀yin Yorùbá tó ń gbé ní Darkuman, ní Accra, Ghana. Ẹni tó bá wọ tròtrò, ọkọ̀ akérò kékeré, níbẹ̀, tó gba Kaneshie kọjá sí àárín ìlú, yóò dé Kantamanto, ọ̀kan nínú àwọn ọjà òkìríkà tó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Aṣọ tó bá kù níbẹ̀ wà lára ohun tó ń dí gọ́tà, tí àgbàrá ń gbé lọ sétí òkun. Ṣùgbọ́n èló gan-an ló ń kù?

The OR Foundation, àjọ tó ń bá àwọn ọlọ́jà náà ṣiṣẹ́, ní aṣọ mílíọ̀nù 15 ló ń wọ Kantamanto lọ́sẹ̀, àti pé nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ló ń jáde bí ìdọ̀tí. Ní ọdún 2024, Ghana Used Clothing Dealers Association, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò òkìríkà, gbé ìròyìn tiwọn jáde. Wọ́n ní kò ju ìdá 5 lọ.

Bélì kan, ìyẹn aṣọ òkìríkà tí wọ́n dì pọ̀, sábà máa ń wọn kílò 55. Bó bá jẹ́ ìdá 5, ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò pé kílò 3. Bó bá jẹ́ ìdá 40, ó di kílò 22.

Kò di dandan kí ẹnì kan purọ́ kí iye méjèèjì tó jìnnà síra báyìí. Ẹ wo ìyá tó ra bélì. Ó ti sanwó kó tó rí inú rẹ̀. Alábàárù gbé e dé ìsọ̀, wọ́n já okùn rẹ̀, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà: ojúlówó lọ́tọ̀, èyí tí yóò lọ ní ọ̀pọ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ya tàbí tó lábàwọ́n lọ́tọ̀. Olùwádìí tó bá kà lójú ẹsẹ̀ yóò ka àwọn tó ya tàbí tó lábàwọ́n nìkan. Èyí tó bá padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò ka àwọn tí oníbàárà kò wò lẹ́ẹ̀mejì mọ́ ọn.

Àkókò lè yí èsì ìwádìí padà pátápátá, kì í ṣe ti aṣọ nìkan. Ní Kissidougou, lórílẹ̀-èdè Guinea, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onímọ̀ fi gbà pé igbó tó yí abúlé ká jẹ́ àjẹkù igbó ńlá táwọn ará ibẹ̀ pa run. James Fairhead àti Melissa Leach fi àwòrán tí wọ́n yà látinú ọkọ̀ òfurufú ní 1952 wé ti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fetí sí àwọn àgbà. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1996 fi hàn pé àwọn ará abúlé ló mú ọ̀pọ̀ igbó náà hù.

Ní Kantamanto, ẹni tó ń kà náà ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ oníṣòwò ń dáàbò bo òwò wọn. The OR Foundation ń fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ máa sanwó ìdọ̀tí. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Nítorí ìyẹn ló ṣe yẹ kí wọ́n ṣẹ́ gègé yan bélì, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí wọ́n tún un kà ní ẹ̀ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n sì tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ jáde kí ẹgbẹ́ kejì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Iná tó jó ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tún dá kún un: iye àtijọ́ kò lè dúró fún tòní.

Kí ìyá oníbélì sì wà níjókòó nígbà tí wọ́n bá ń pinnu ohun tí wọn yóò pè ní ìdọ̀tí. Bí ìjọba bá fi iye tí kò dájú ṣòfin, owó tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọgbó.