Ọmọ Ni Ẹlẹ́rìí Ìyá: Àkọsílẹ̀ Ìran nínú Sísin Adìyẹ Àìlábùlà

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: adìyẹ tí a kò kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀, ẹwà rẹ̀ nìkan la mọ̀, a kò mọ ohun tó máa bí.

Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan wà ní Orono, ní ìpínlẹ̀ Maine lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1898, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Gowell bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lórí adìyẹ Plymouth Rock aláwọ̀ ilà-ilà. Ó ṣe ìtẹ́ onílẹ̀kùn: bí adìyẹ bá ti wọlé, ilẹ̀kùn a pa dé, kò sì ní jáde títí ènìyàn yóò fi wá ka nọ́ńbà ẹsẹ̀ rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ ẹni tó yé ẹyin kọ̀ọ̀kan. Àgbébọ̀ tó bá yé ẹyin 160 lọ́dún, ó kéré tán, ló ń fi sílẹ̀ láti bímọ. Àkùkọ tí ìyá rẹ̀ yé 200 ló sì ń gùn wọ́n. Ta ni kò ní pe èyí ní ọgbọ́n? Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, iye ẹyin agbo náà kò gòkè.

Lẹ́yìn náà, olùwádìí mìíràn, Raymond Pearl, ló gba iṣẹ́ náà, ó sì yẹ àwọn ọmọ wò. Ó rí àgbébọ̀ tó ń yé dáadáa tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò sì yé tó nǹkan. Láti 1908, ohun tí ọmọ ṣe ló fi ń yan òbí, takọ tabo. Ẹyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Àlàyé tó ṣe lórí ìdí rẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn fi hàn pé kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà yan òbí ni ayé ṣì ń tọ̀. Ẹ rántí pé àkùkọ kì í yé. Bí kò bá sí ìwé ìyá, ti àbúrò àti ti ọmọ rẹ̀, kí la fẹ́ fi yàn án?

Ẹ jẹ́ ká fi abọ́lọ́rùn, adìyẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn, ṣe àpẹẹrẹ. Àkùkọ abọ́lọ́rùn kan lè gba àbùdá tó mú ọrùn rẹ̀ bó lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, òmíràn lọ́wọ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá gun àgbébọ̀ tí ìyẹ́ bo ọrùn rẹ̀, gbogbo ọmọ ti àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́ abọ́lọ́rùn. Ti èkejì, nǹkan bí ìdajì. Olójú tó mú lè rí ìyẹ́ díẹ̀ níwájú ọrùn èkejì. Ẹyin yíyé kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára.

Iṣẹ́ kíkọ ìran sílẹ̀ kò nira. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ìyá àti ọjọ́ sára ẹyin. Ní ọjọ́ kejìdínlógún tí ẹyin ti wà nínú ẹ̀rọ ìpamọ, ẹ ya ẹyin ìyá kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sápá òròmọdìyẹ kí wọ́n tó dàpọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ àkùkọ, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí àtọ̀ àkọ́kọ́ a máa wà lára àgbébọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ẹyin tí kò pa àti òròmọdìyẹ tó kú pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ewu gígùn láàárín ìbátan ti ń kọ́kọ́ hàn.

Àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì ti ní ìwé ìran gbogbogbòò láti 1791. Ní ti adìyẹ, ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ adìyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ ní 1874, ìrísí ló ń sọ, kò sọ ẹni tó bí ta. Nítorí náà, ìwé ọwọ́ olùsìn la gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹ bá ta àkùkọ àìlábùlà, ẹ fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ tẹ̀lé e, kí ẹni tó rà á lè máa kọ ọ́ lọ.