ÀÀTÀN INÚ IGBÓ ỌBA: Ẹ JẸ́ KÁ PALẸ̀ RẸ̀ MỌ́ KÍ ÒJÒ TÓ DÉ

  Pàǹtí tí àwọn kan ń kó dà sínú igbó ọba ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Igbó ọba kò jìnnà sí oko ọ̀pọ̀ nínú wa. Gambari wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọmọ wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Olúwa wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nítorí pé ojú kò pọ̀ nínú igbó, onítipà á wọ̀ ọ́ lóru, á da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, á sì lọ. Bí a kò bá wí, ẹlòmíràn á da tirẹ̀ lé e.

Ẹ má ṣe sọ pé, "Igbó ìjọba ni, kì í ṣe oko mi." Òjò tó bá rọ̀ sórí ààtàn ń ṣàn wọ odò tí a ń pọn ní abà. Bátìrì ọkọ̀ ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ewúrẹ́ tó bá jẹ ọ̀rá lè kú, nítorí ọ̀rá kì í dà nínú. Bí ẹnì kan bá sì ṣáná sí ààtàn nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn lè gbé iná náà wọ oko kòkó. Kòkó tí a bá tún gbìn, ó tó ọdún 3 sí 5 kó tó so.

Báwo ni a ó ṣe palẹ̀ rẹ̀ mọ́?

Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ọkọ̀ tí yóò kó o.

Èkejì, ẹ ṣe iṣẹ́ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́, ẹ fi igi tú pàǹtí wò nítorí ejò. Ẹ má mú ọmọdé lọ.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá rí àgbá tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣí i, ẹ má yí i. Ẹ pe àwọn aláṣẹ. Ní ọdún 1988, ní ìlú Koko tó wà ní Ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ẹnì kan gba owó, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá májèlé láti Ítálì sí àgbàlá rẹ̀. Wọ́n kó o padà lọ́dún náà. Láti ìgbà náà ni òfin ti wà pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá da irú májèlé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún yín lówó kó lè da ẹrù sí ẹ̀bá oko yín, ẹ lé e padà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má sun pàǹtí. Èéfín ike àti táyà májèlé ni. Ẹ ṣa irin àti ike sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rà á. Ẹ má sì kó ilẹ̀dú ààtàn náà lọ sí oko ẹ̀fọ́, bó ti wù kó dúdú tó; àfọ́kù ìgò àti òjé lè wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dí ọ̀nà tí tipà ń gbà. Kí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba gbà yín láyè láti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, kí ẹ sì gbin igi tíìkì tàbí gmelina sí ojú ààtàn. Ibi tí a palẹ̀ mọ́ tí a kò dí, wọn yóò tún padà wá.

Ó ku tiwa. Ìgò oògùn apakòkòrò wà lára pàǹtí inú igbó, onítipà kọ́ ló sì kó gbogbo rẹ̀ wá. Bí oògùn bá tán, ẹ fi omi ṣan ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín oògùn, kí ẹ sì lu ìgò náà kí ẹnikẹ́ni má fi bu epo tàbí omi.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì dá ọjọ́ iṣẹ́ kí òjò tó dé.