Gbèsè Tí Òfin Ìlú Ọba Kì í Pa Rẹ́

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí ẹbí ní Ìlú Ọba. Nígbà mìíràn, ìròyìn a dé pé gbèsè wọ ọ̀kan nínú wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n pé òfin ti dá a sílẹ̀. Ẹ má tètè jó, nítorí kì í ṣe gbogbo gbèsè ni òfin ń parẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, òfin ọdún 1986 ni ó ń ṣe àkóso ọ̀ràn yìí. Bí apá ènìyàn kò bá ká gbèsè rẹ̀ mọ́, a lè kéde rẹ̀ ní onígbèsè tí kò rí san. A ó yan ẹni tí yóò ta ohun-ìní rẹ̀, tí yóò sì pín owó náà fún àwọn tí ó jẹ lówó. Irin-iṣẹ́ rẹ̀ àti ohun-èlò ilé tí ó pọn dandan ni a sábà ń fi sílẹ̀ fún un. Láti ọdún 2004, bí kò bá sí ìdíwọ́, a máa ń dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, púpọ̀ nínú ìyókù gbèsè náà a sì parẹ́.

Àwọn tí kì í parẹ́ nìwọ̀nyí: owó ìtọ́jú ọmọ, owó ìtanràn ilé-ẹjọ́, gbèsè tí a fi jìbìtì kó jọ, àti owó tí ìjọba yá akẹ́kọ̀ọ́. Owó gbà-má-bínú fún ẹni tí a ṣe léṣe pàápàá kì í parẹ́, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Òfin fẹ́ ṣàánú onígbèsè, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ebi pa ọmọ nítorí àánú náà, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ọ̀dàlẹ̀ jèrè ẹ̀tàn rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀ràn onígbọ̀wọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún àbúrò, tí òfin sì dá àbúrò sílẹ̀, kò dá ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Olówó ṣì lè yíjú sí i.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé fún ẹlòmíràn, kí ó béèrè irú gbèsè tí ó jẹ́. Kí ẹbí wa tí gbèsè bá sì wọ̀ lọ́rùn lọ́hùn-ún tọ àjọ Citizens Advice lọ. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.