Kí Ni Agbanisíṣẹ́ Ń Fẹ́, Kí Ni Òun Náà Yóò Fi Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ àpò ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa ní Sábọ́n-Gàrí, Kánò

  

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi ní ìsọ̀ pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Akọ̀wé, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà." Ó ní, "Bàbá, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi fẹ́ yín. Àwọn tí ó kàwé ti sọ tiwọn. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́ náà sọ tiyín." Nítorí náà, bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fi orí jì mí.

Owó tí a fẹ́ kó jọ lónìí, owó tí a ó fi ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa yìí, ta ni kò mọ ilé tí ọmọ ti jáde ní yunifásítì, tí ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán, tí ó ṣì ń bá ìyá rẹ̀ ka owó ata lálẹ́? Èmi tí mo ń ta ohun èlò iná mànàmáná, mo sì ń wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́, n kò rí. Iṣẹ́ ń wá ènìyàn, ènìyàn ń wá iṣẹ́, àwọn méjèèjì kò pàdé. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí.

Bí àwọn baba wa ṣe dé ìlú yìí kò pamọ́. Ní 1911 ni ojú irin rélùwéè dé Kánò. Ní nǹkan bí 1913 ni ìjọba òyìnbó ya ilẹ̀ Sábọ́n-Gàrí sọ́tọ̀ fún àwa àlejò. Akọ̀wé wà nínú àwọn tí ó bá rélùwéè wá, káfíńtà wà, àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe wà pẹ̀lú. Ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ iṣẹ́. Èmi náà dé ní 1983, lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ọdún méje ni mo fi sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí wọ́n tó gbà mí lómìnira. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹnu iṣẹ́ ni a kò mọ̀. Ohun tí ó yí padà ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wáyà, gílóòbù àti sókẹ́ẹ̀tì ni ọjà wa. Lónìí, ó di ínfátà, bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì tí ń gba iná lára oòrùn. Ẹni tí kò mọ ìṣirò kò lè tà á láìṣe àṣìṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní ìsọ̀ mi, olóòótọ́, ọlọ́pọlọ pípé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbà á fún ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, irú èyí tí ènìyàn lè máa ṣiṣẹ́ kí ó sì máa kà. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì àti òwúrọ̀ Sátidé fún òun. Mo kọ̀. Mo ní, "Ṣé ọjà lo wá tà ni, àbí ìwé lo wá kà?" Kò pẹ́, ó dágbére fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún kejì, oníbàárà kan ra ínfátà àti bátìrì lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí mo fi rọ́pò rẹ̀ kò mọ bí a ti ń fi agbára ọ̀kan wé èkejì. Ẹrù náà jóná láàárín oṣù kan, èmi ni mo san owó rẹ̀ padà. Owó tí mo san lọ́jọ́ náà ju owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin yẹn lọ fún ọdún méjì. Àyà mi kò kọ̀ láti sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé n kò dá nìkan ṣe é nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ìbéèrè tí mo ń bi yín yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kẹrin 1959, kí a tó gba òmìnira, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Sir Eric Ashby. Ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta wà nínú rẹ̀: Kenneth Dike, Shettima Kashim àti Sanya Onabamiro tiwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frederick Harbison láti Amẹ́ríkà ló bá wọn ṣírò irú òṣìṣẹ́ onímọ̀ tí ilẹ̀ wa yóò nílò. Ní 1960, wọ́n dámọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa tó 7,500, ó kéré tán, kí ó tó di 1970. Wọ́n tún dámọ̀ràn pé kí yunifásítì tí a ó dá sílẹ̀ ní Èkó máa fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ni ní ìmọ̀ òwò títí dé ojú oyè, kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ lè rí àyè kà. Àwa òbí gba ti iye mú gírígírí, a gbàgbé ti ìrọ̀lẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àpẹẹrẹ kò jìnnà. Olóògbé Akintola Williams, tí ó kú ní 2023 lẹ́ni ọdún 104, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di akáǹtáǹtì àgbà, ní 1949. Nígbà tí ó wà ní Yaba Higher College, ilé iṣẹ́ UAC ló ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ rí ohun tí òwò yóò nílò lọ́la, ó sì fi owó sí i.

Ìjọba náà ti fi òfin lé e. Ní 1971 ni a dá Industrial Training Fund sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní ITF, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jọ́ọ̀sì. Láti ìgbà tí a ti tún òfin náà ṣe ní 2011, ẹni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ó san lọ́dún sí àpò náà. Bí ó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ bí òfin ti là á sílẹ̀, ó lè gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé òfin yìí kan òun?

ITF yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973, èyí tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ pólì ń lò, oṣù mẹ́fà ni ọmọ ẹnjiníà ní yunifásítì ń lò. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń fi àwọn ọmọ náà ṣe? À ń rán wọn lọ ra tíì, a ní kí wọ́n gbálẹ̀, a sì buwọ́ lùwé fún wọn pé wọ́n kọ́ṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi.

Kí n tó wá síhìn-ín, mo bi mẹ́ta nínú àwọn oníbàárà mi léèrè irú ẹni tí wọ́n ń wá. Ọ̀kan ní ilé iṣẹ́ ìkérò ní Ṣàrádà. Ó ní òun ń wá ẹni tí ó lè tú mọ́tò ẹ̀rọ, tí ó sì lè kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ kí ẹlòmíràn kà á. Èkejì ní ilé ìwòsàn. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò oògùn tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde. Ẹ̀kẹta ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní òun ń wá olóòótọ́ tí ó mọ ìwé owó. Kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ dárúkọ sátífíkéètì. Mo wá bi wọ́n pé, "Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín tí ó fẹ́ kàwé kún un, wákàtí mélòó ni ẹ lè yọ̀ǹda fún un lọ́sẹ̀?" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń dùn mí, nítorí ìdákẹ́jẹ́ tèmi náà ni.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó fẹ́ jẹ iṣu gbọ́dọ̀ bá wọn kọ ebè. Ní Jámánì, ọmọ iṣẹ́ a máa lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ibi iṣẹ́, yóò sì lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, láti 2015 ni ènìyàn ti lè gba oyè yunifásítì lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, tí yóò sì máa gba owó oṣù. Kò sí èyí tí ó ṣeé ṣe níbi tí ọ̀gá kò bá ti fi àyè sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún. Èkíní, kí a yan ènìyàn tí yóò lọ káàkiri ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó ní ilé iṣẹ́, láti inú ọjà Sábọ́n-Gàrí títí dé Bompai, Ṣàrádà àti Challawa. Kí wọ́n béèrè irú iṣẹ́ tí kò rí ènìyàn ṣe, ẹni tí yóò kọ́ ọmọ níbẹ̀, wákàtí tí ọ̀gá yóò fi sílẹ̀, àti iye tí yóò fi kún owó oṣù bí ọmọ náà bá yege. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí ọ̀gá buwọ́ lù ú. Ìdáhùn tí kò ní ìbuwọ́lù, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Èkejì, kí a pín owó tí a bá rí lónìí sí méjì. Kí ìdajì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń kàwé ní ojúmọ́. Kí ìdajì jẹ́ ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ ka pólì ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n fẹ́ ka ìwé láti ilé ní yunifásítì NOUN, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò àwọn akáǹtáǹtì tí à ń pè ní ICAN.

Ẹ̀kẹta, kí àwa ọ̀gá jẹ́jẹ̀ẹ́. Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Láti oṣù tí ń bọ̀, méjì nínú wọn yóò máa fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní agogo mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti lọ kàwé, n kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó wọn. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, kí akọ̀wé dárúkọ mi ní ìpàdé.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé ẹ̀kọ́ kò lè dá a ṣe, ìsọ̀ kò lè dá a ṣe. Ọmọkùnrin tí mo lé lọ yẹn, n kò lè pè é padà mọ́. Àwọn tí ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ.

Olúwa yóò bùkún ọjà wa, yóò fi àlàáfíà sí ìlú Kánò tí ó gbà wá.